Ẹrù Tí Mo Ń Dúró Dè

Mo mọ iye epo tí òkè kọ̀ọ̀kan máa ń mu láti Ore dé Oǹdó. Bí ẹ bá fi aṣọ dì mí lójú, tí ẹ gbé mi sínú ọkọ̀ mi, ìró ẹ́ńjìnnì nìkan tó fún mi láti sọ pé a ti kọjá Odigbo, pé ọ̀nà ti ń gòkè, pé ó yẹ kí n já jíà sílẹ̀ kó tó di pé ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kérora. Kì í ṣe pé mò ń yangàn o. Ẹni tó bá ń dá gbé, tó sì ń dá wakọ̀ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ohun tó ń bá a sọ̀rọ̀ kò ju méjì lọ: ìró ẹ́ńjìnnì àti abẹ́rẹ́ tó ń júwe epo.

Bọ́ọ̀sì akẹ́rù kékeré ni mo ní. Ó ti pẹ́ lọ́wọ́ mi, àwọ̀ rẹ̀ sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di àwọ̀ erùpẹ̀ ọ̀nà Ajue. Mò ń kó ẹrù fún àwọn oníṣòwò ní Ore: gàárì, sìmẹ́ńtì, bisikíìtì àti ọṣẹ fún àwọn ìsọ̀ kéékèèké tó wà ní apá Agbabu, epo pupa láti oko bọ̀ wá sí ìgboro. Mi kì í gbé èrò. Mo máa ń sọ nígbà yẹn pé èrò máa ń wí jù, pé páálí bisikíìtì kì í béèrè pé kí n yí rédíò padà. Mo gbádùn ọ̀rọ̀ náà débi pé gbogbo ẹni tó bá bi mí ni mo ń sọ ọ́ fún.

Kí epo tó gbówó lórí, bí gbogbo ayé ṣe ń wakọ̀ ni èmi náà ń wà á. Àfi ìgbà tí iye tí wọ́n kọ sára pátákó ilé epo bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà kí a tó fọjú kan oorun lẹ́ẹ̀mejì. Bàbá awakọ̀ kan wà ní gáréèjì Ore, ó ti ń wakọ̀ kí wọ́n tó bí mi, òun ló pè mí jókòó. Ó ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Ó ní kí n máa wakọ̀ bí ẹni tó gbé ìkòkò ọbẹ̀ tí kò ní ìdérí sórí itan. Ó ní táyà tí kò gan ń jẹ epo ju òkè lọ, pé àárọ̀ kùtù ni kí n máa wọn atẹ́gùn rẹ̀, torí táyà tó ti gbóná máa ń parọ́ fún géèjì.

Mo gba ẹ̀kọ́ náà ju bí olùkọ́ ti rò lọ. Gbogbo ọjọ́ Ajé ni mò ń jí lọ bá fọ́kànáísà kí n tó jẹun. Mo tú irin akẹ́rù tó wà lórí ọkọ̀ kúrò torí pé atẹ́gùn ń dì í mú. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni mò ń gbọn eruku inú fítà tí ẹ́ńjìnnì fi ń mí dànù, torí erùpẹ̀ pupa ọ̀nà oko kì í ṣeré. Mò ń pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì kó tó sọ pé òun ò ṣe mọ́. Bí oníbàárà bá wọlé lọ wá ṣẹ́ńjì, mo máa ń pa ẹ́ńjìnnì. Bí mo bá dé ṣóńṣó orí òkè, mo máa ń yọ jíà kí ọkọ̀ máa fúnra rẹ̀ yí lọ sísàlẹ̀. Mẹkáníìkì mi bínú sí èyí. Ó ní epo tí mo rò pé mò ń tọ́jú, bíréèkì ni mo fi ń san án, pé lọ́jọ́ kan ọkọ̀ náà máa gbé mi wọgbó. Mo ní mo ti gbọ́, mo sì ń yọ jíà mi lọ.

Ṣùgbọ́n òfin tó ga ju gbogbo rẹ̀ lọ ní gáréèjì wa ni pé ọkọ̀ kì í rìn lófìfo. Abẹ́ àtíbàbà la máa ń jókòó sí, tí a ó máa dúró de ẹrù, kálukú pẹ̀lú ìdúró tirẹ̀ lórí ìlà. Ẹni tó bá wa ọkọ̀ òfìfo jáde, wọ́n á ní ó ń gbé atẹ́gùn. Ọ̀kan nínú wa sáré lọ sí Oǹdó lọ́jọ́ kan láìkó nǹkan kan, torí pé ìyàwó rẹ̀ bímọ. Oṣù kan gbáko ni wọ́n fi pè é ní Alátẹ́gùn, wọ́n á bi í pé èló ni kílò kan. Èmi náà wà nínú àwọn tó fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ohùn mi ló tún ròkè jù.

Ìyàwó mi kì í ṣe ọmọ ibí. Àkókó ni wọ́n ti bí i, ìjọba ló gbé e wá láti máa kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní ilé ìwé girama kan ní Odigbo. Ọkọ̀ mi ló gbé ibùsùn àti sítóòfù rẹ̀ láti Ore lọ́jọ́ tó dé, mo sì gba owó ẹrù lọ́wọ́ rẹ̀ pé, kọ́bọ̀ kan ò dín. Lẹ́yìn tí a ṣègbéyàwó tán, kò jẹ́ kí n rímú mí lórí ọ̀rọ̀ owó náà. Èdè Ìkálẹ̀ wa ń pa á lẹ́rìn-ín, èdè Àkókó tirẹ̀ ń pa èmi náà lẹ́rìn-ín, la bá kúkú ń sọ Yorùbá inú ìwé síra wa bí àwọn tó ń ka ìròyìn. Ọlọ́run ò tíì fún wa lọ́mọ. Ilé wa ní Odigbo ò dákẹ́ fún ìyẹn náà, torí òun nìkan tó ilé kún.

Nígbà tó di pé ìyá rẹ̀ wà lórí àìsàn, ó bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n gbé òun padà sí Àkókó, wọ́n sì gbé e. Ìyá náà kú lọ́dún kejì, ṣùgbọ́n ìwé ìjọba kì í mọ̀ pé ènìyàn kú. Ó wà níbẹ̀, mo wà níbí, ọdún mẹ́rin. Lákọ̀ọ́kọ́, ọ̀sẹ̀ méjì méjì ni mò ń lọ. Nígbà tí epo wọ́n, ó di oṣooṣù. Nígbà tó yá, ó di ìgbà tí mo bá rí ẹrù tó ń lọ sí apá ibẹ̀. Bó bá bi mí pé ìgbà wo ni mò ń bọ̀, ohun tí mo máa ń dá a lóhùn ni pé bí ẹrù bá ti wà, mo ti dé nìyẹn. Lójú mi, ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n ni. Ọgbọ́n ọdún nìí, wèrè ẹ̀ẹ̀míì.

Ẹ má bi mí bí ilé ṣe rí. Ọwọ́ mi ò mọ bí a ṣe ń wọn ìrẹsì ẹnì kan. Mo máa ń sè é jù, mo máa jẹ ẹ́ láàárọ̀, mo tún máa jẹ ẹ́ lálẹ́, títí yóò fi sú mi. Bí wọ́n bá mú iná wá, mo máa ń gbọ́ ìgbà tí fíríìjì aládùúgbò bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ àti ìgbà tó bá sinmi. Ó ń dùn mí. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni pé ó ń dùn mí, pàápàá jù lọ fún ẹni tó yẹ kó gbọ́.

Lọ́jọ́ Àìkú kan, lẹ́yìn ìsìn, ó pè mí. Ó ní wọ́n fẹ́ fi òun jẹ igbákejì ọ̀gá àgbà ní ilé ìwé tí òun wà. Bí òun bá gbà, òun ti jókòó sí Àkókó nìyẹn, bóyá títí òun á fi fẹ̀yìn tì. Bí òun ò bá sì gbà, àyè kan ṣí sílẹ̀ ní ilé ìwé òun àtijọ́ ní Odigbo, òun lè padà wálé. Fọ́ọ̀mù kan náà ni, ibi méjì ló wà lórí rẹ̀, ọ̀kan ni òun máa buwọ́ lù. Agogo mẹ́ta ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì ni ọkọ̀ máa kó àwọn ìwé náà lọ sí Àkúrẹ́.

"Kí ni ẹ̀yin fẹ́?" Bó ṣe bi mí nìyẹn.

Ohun tí mo fẹ́ ò le rárá. Mo fẹ́ kó máa bọ̀ nílé. Ó ti wà lórí ahọ́n mi. Ṣùgbọ́n mo rò ó pé bí mo bá sọ ọ́, á dà bí ẹni pé mò ń já oyè gbà lọ́wọ́ rẹ̀, pé ọkùnrin kì í fi fóònù bẹ ìyàwó. Ìgbéraga ni, ẹ jẹ́ ká pè é ní orúkọ rẹ̀. Mo ní ọ̀rọ̀ náà kọjá orí fóònù, pé màá wá kó tó di ọjọ́rú, ká jọ jókòó sọ ọ́.

Ó ní, "Ẹ wá, ẹ jọ̀ọ́. Ojú yín ni mo fẹ́ rí kí n tó buwọ́ lu nǹkan kan."

Mo ní kó fọkàn balẹ̀. Ẹrù wà nílẹ̀ tí mo ti ń fojú sí. Màmá kan tó ń fọ epo ní Ajue ní ọgbọ̀n kẹ́ẹ̀gì epo pupa tí ẹnì kan fẹ́ rà ní Àkókó, ìlú tí ìyàwó mi wà gan-an. Inú mi dùn, mo ní Ọlọ́run ló ṣe é. Màmá ní yóò ṣetán lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, òjò rọ̀ ní Ajue, igi ìdáná tutù, ẹyìn ò jinná. Ó di Ọjọ́rú. Lọ́jọ́rú, àwọn tó ń bá a gún ẹyìn ò wá. Ó di Ọjọ́bọ̀.

Abẹ́ àtíbàbà ni mo jókòó sí ní gbogbo ọjọ́ wọ̀nyẹn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, kí n má fi òjò bojú, kí n má fi màmá elépo bojú. Epo wà nínú táńkì mi, ó lé ní ìdajì. Owó tí mo lè fi ra ìyókù wà lápò mi. Ọ̀nà dáa. Mo wá ṣírò rẹ̀ pé bí mo bá lọ lófìfo, ó tó lítà méjìdínlógún tó máa jóná lásán. Lásán! Ọ̀rọ̀ tí mo lò nínú ọkàn mi nìyẹn, nípa lílọ wo ìyàwó ara mi. Mo tún rántí orúkọ tí wọ́n máa sọ mí bí mo bá gbé ọkọ̀ òfìfo jáde lójú wọn. Mo bá tún jókòó.

Lálẹ́ Ọjọ́bọ̀, ó pè. Ó bi mí bóyá mi ò tíì rí ẹrù. Mo ní ó ti délẹ̀ tán, pé àárọ̀ ọ̀la ni mò ń kó o, ọ̀sán kò ní í tó kí n tó dé. Ó ní ó dáa, kí n máa rọra wakọ̀. Inú mi tún dùn sí i pé mo fẹ́ obìnrin tó lóye.

Mo dé Ajue ní ìdájí ọjọ́ Ẹtì. Kẹ́ẹ̀gì méjìlélógún ló ti kún. Màmá ní mẹ́jọ tó kù wà lórí iná, àwọn ń ré e lọ́wọ́, kí n ṣe sùúrù. Ó gbé kókò sísè fún mi, ó ń fi Ìkálẹ̀ bẹ̀ mí, ó ń pè mí ní ọmọ rẹ̀. Mo lè gbé méjìlélógún lọ. Ẹnì kankan ò so mí mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí kò kún, epo kan náà ló ń mu, àwa awakọ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo jókòó ti kókò, mo dúró de kẹ́ẹ̀gì mẹ́jọ. Aago mẹ́wàá ti kọjá kí n tó jáde sí títì.

Ẹ wá wo ẹsẹ̀ mi. Ó yẹ kí ó mọ̀ pé a ti pẹ́. Mo rí agogo, mo sì rí i pé mi ò fi ẹsẹ̀ tẹ ọkọ̀ kó sáré sí i. Láàárín Oǹdó sí Àkúrẹ́, àwọn ọkọ̀ ń kọjá lára mi bí ẹni pé ṣe ni mo dúró, èmi sì ń yọ jíà lórí òkè, mò ń wo abẹ́rẹ́ epo, mò ń yin ara mi. Lẹ́yìn Ọ̀wọ̀, ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í gun àpáta, ẹrù wúwo, ẹ́ńjìnnì gbóná. Mo dúró sábẹ́ igi kan kí ó tutù. Aago méjì kọjá ogójì ìṣẹ́jú ni mo wọ ìlú náà.

Ibi tí mo ti ṣìṣe gan-an nìyí, mo sì lè fi ẹsẹ̀ tẹ orí ilẹ̀ ibẹ̀ hàn yín. Ìsọ̀ ẹni tó fẹ́ ra epo wà ní ẹnu àbáwọlé ìlú. Ilé ìwé ìyàwó mi wà ní òpin ìlú kejì, lórí òkè. Ogún ìṣẹ́jú ló kù. Bí mo bá gbé ẹrù náà gun òkè yẹn, ọkọ̀ á mu epo bí ràkúnmí tó rí omi. Mo ní kí n já a kíá, ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí n wá fi ọkọ̀ fúyẹ́fúyẹ́ gun òkè. Mo pè é pé kó má mikàn, mo ti wọ̀lú, mo kàn ń já ẹrù lọ́wọ́ ni.

Ó ní, "Ó dáa."

Ẹni tó ra epo ní òun fẹ́ tọ́ kẹ́ẹ̀gì kọ̀ọ̀kan wò. Ó ń ṣí i, ó ń gbóòórùn rẹ̀, ó ń dé e. Nígbà tí mo gun òkè dé ilé ìwé, aago mẹ́ta ti kọjá dáadáa. Àwọn ọmọ ti lọ sílé. Ó jókòó lábẹ́ igi furúùtù kan lórí bẹ́ǹṣì, òun nìkan, báàgì rẹ̀ lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọkọ̀ tó kó ìwé ti lọ.

Ó sọ fún mi bó ṣe ṣẹlẹ̀ láì gbé ohùn sókè. Ó ní òun mú fọ́ọ̀mù náà lọ́wọ́ láti àárọ̀, pé àwọn yòókù ti fi tiwọn sílẹ̀ tipẹ́, pé akọ̀wé ń wo òun bí ẹni tí orí rẹ̀ ò pé. Ó ní ìgbà tí mo pè pé mo ti wọ̀lú, tí mo sì ń já ẹrù, ìgbà yẹn ni òun buwọ́ lù ú. Ti Àkókó ni ó buwọ́ lù.

Mo ń sọ ti òjò, mo ń sọ ti ẹyìn tí kò jinná. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán.

"Ṣé èmi nìkan ò tó ẹrù tẹ́ ẹ lè torí ẹ̀ wakọ̀ wá ni?"

Ìgbà yẹn ni ẹnu mi tó wá là. Mo sọ fún un pé mo fẹ́ kó máa bọ̀ nílé, pé láti ọdún mẹ́rin ni mo ti fẹ́ ẹ, pé ilé náà ń pa mí. Omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó nù ún pẹ̀lú ẹ̀yìn ọwọ́ tí ṣọ́ọ̀kì wà lára rẹ̀.

"Ẹ̀ bá ti sọ ọ́ lọ́jọ́ Àìkú," ó ní. "Kì bá tiẹ̀ gba epo kankan."

Ó dìde pé ká máa lọ sílé, pé ebi á ti máa pa mí. Ó ṣí ilẹ̀kùn ìjókòó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti awakọ̀. Mo ti tú àga ibẹ̀ kúrò láti bí oṣù mẹ́jọ, kí n lè ráyè fún kẹ́ẹ̀gì mẹ́rin sí i, mo sì ti gbàgbé pé mo tú u. Irin ìhòòhò ló wà níbẹ̀, àti epo pupa díẹ̀ tó dà. Ó dúró, ó wò ó, ó rọra ti ilẹ̀kùn náà padà. Ó dá ọ̀kadà dúró lójú títì, mo wá ń wakọ̀ tẹ̀lé ìyàwó mi lẹ́yìn títí a fi délé.

Kò bá mi jà. Ó gúnyán fún mi, ó sì fi omi gbígbóná sí ilé ìwẹ̀. Láàárọ̀, ó múra lọ sí ìpàdé kan nítorí ipò tuntun rẹ̀. Mo kí i kú oríire, ó dúpẹ́. A ń kíra wa bí àwọn tó pàdé ní gáréèjì.

Mi ò wá ẹrù kankan padà. Mi ò tiẹ̀ yà sí ọjà. Mo wa ọkọ̀ òfìfo láti Àkókó dé Odigbo, ohun tí mi ò ṣe rí láti ìgbà tí epo ti wọ́n. Ọ̀nà ń dà sísàlẹ̀, ọkọ̀ fúyẹ́, táyà gan dáadáa. Nígbà tí mo dé iwájú ilé, mo wo abẹ́rẹ́: díẹ̀ báyìí ló sún. Láti ìgbà tí mo ti ń wakọ̀, mi ò tíì rí kí ọkọ̀ mi mu epo kéré tó bẹ́ẹ̀. Orí mi wú, mo yọ fóònù jáde kíá láti ròyìn fún ẹnì kan. Ìyàwó mi ni mò ń pè. Òun nìkan ni mo máa ń ròyìn irú ẹ̀ fún.